Ẹ̀kọ Tí Kò Dì

 Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí dáadáa: ẹ̀kọ àti ẹ̀kọ́. Lẹ́tà kan náà ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Àmì kékeré kan ṣoṣo tí ó wà lórí lẹ́tà ìparí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni à ń jẹ, èkejì ni à ń kọ́. Lónìí, a fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀kọ.

Kò sí ẹlẹ́kọ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí. Ènìyàn á rẹ àgbàdo, á lọ̀ ọ́, á sẹ́ ẹ. Á dá iná, á ro ẹ̀kọ títí apá á fi máa dùn ún. Á pọ́n ọn sínú ewé, á sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ó bá tú ewé kan wò, ẹ̀kọ á ṣàn sí i lọ́wọ́ bí omi. Owó àgbàdo ti lọ, owó igi ti lọ, oníbàárà sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Kí ni kí ó tà fún wọn?

Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn á ní ọjọ́ náà ni kò dára. Àwọn mìíràn á sáré lọ ra sítáàṣì ẹ̀gẹ́, wọn á dà á mọ́ ògì ọjọ́ kejì, kí ó lè tètè ki. A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ kì í dédé kọ̀ láti dì. Ohun kan ni ó fà á, ẹni tí ó bá sì fara balẹ̀ yóò rí i. Kò yẹ kí á fi sítáàṣì bo àléébù tí a kò ì tí ì mọ̀.

KÍ NI Ó Ń MÚ Ẹ̀KỌ DÌ?

Inú èso àgbàdo ni ìyẹ̀fun funfun wà. Bí a bá lọ àgbàdo tí a sì sẹ́ ẹ, ìyẹ̀fun yìí ni ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ igbá. Òun ni à ń pè ní ògì.

Bí ògì bá wà nínú omi tútù, kò lè dì láéláé. Iná ni ó ń jí i. Omi a máa hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti kọjá ìwọ̀n 60, hóró ìyẹ̀fun kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí mu omi, á sì máa wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Àwọn hóró náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Nígbà tí wọ́n bá wú tán, wọn á fún mọ́ ara wọn, ẹ̀kọ á sì ki.

Ẹ gbọ́ ná o. Kíki lórí iná yàtọ̀ sí dídì nínú ewé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí ó tètè ki lórí iná lè má dì láàárọ̀.

Oríṣi fọ́nrán méjì ni ó wà nínú hóró ìyẹ̀fun. Oríṣi kìíní gùn, ó sì tọ́ bí òwú. Oríṣi kejì ní ẹ̀ka púpọ̀ bí igi. Nígbà tí ẹ̀kọ bá gbóná, àwọn fọ́nrán títọ́ á jáde kúrò nínú hóró, wọn á máa rìn káàkiri nínú omi. Nígbà tí ẹ̀kọ bá ń tutù, wọn á so mọ́ ara wọn, bí àwọn apẹja ṣe ń so àwọ̀n. Omi á há sínú àwọ̀n náà, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ohun tí à ń pè ní dídì nìyẹn.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ó lè ba dídì ẹ̀kọ jẹ́. Fọ́nrán títọ́ lè má pọ̀ tó. Nǹkan lè gé wọn sí wẹ́wẹ́. Tàbí kí nǹkan má jẹ́ kí wọ́n so pọ̀. Gbogbo àléébù tí a ó sọ níwájú, inú mẹ́ta yìí ni wọ́n wà.

BÍ A ṢE Ń RO Ẹ̀KỌ TÍ YÓÒ DÌ

1. Ẹ lo àgbàdo tí ó gbó, tí ó sì gbẹ. Àgbàdo tí kò gbó kò ní ìyẹ̀fun púpọ̀. Èyí tí kòkòrò ti jẹ, kòkòrò ti jẹ ìyẹ̀fun ibẹ̀ lọ.

2. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Ẹ má jẹ́ kí ó hù.

3. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́ kí ó kúnná, ẹ sì fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ ẹ, kí eèrí lè kúrò níbẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omidùn kò bá tíì tòrò, ẹ má dà á nù. Ìyẹ̀fun tí ó kúnná jù lọ ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ ó kàn máa da ẹ̀kọ yín sí gọ́tà ni.

5. Ẹ wọn ògì àti omi. Bí omi bá ti ro kúrò lára ògì, ife ògì 1 sí ife omi 3 ni ìwọ̀n tí a lè fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè dín omi kù tàbí kí ẹ fi kún un, bí ẹ bá ṣe rí i.

6. Ẹ fi ife omi tútù 1 po ògì náà kí ó má ṣe ní kókó. Ẹ gbé ife omi 2 yòókù ka iná. Nígbà tí ó bá hó, ẹ máa da ògì náà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi orógùn rò ó láìdúró.

7. Nígbà tí ó bá ki, iṣẹ́ kò tíì parí o. Ẹ dín iná kù, ẹ dé e, ẹ máa rò ó láti ìgbà dé ìgbà fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ̀kọ tí kò jinná a máa funfun bí ẹfun. Ẹ̀kọ tí ó jinná a máa dán.

8. Ẹ pọ́n ọn sí ewé nígbà tí ó ṣì gbóná. Ẹ tò ó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe to èyí tí ó gbóná lé orí ara wọn. Ẹ sì má ṣe máa gbé e kiri tàbí kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó tutù. Àwọ̀n tí ó ń so lọ́wọ́, bí a bá dà á rú, ó lè má so dáadáa mọ́.

ÀÌSÀN TÍ Ń ṢE Ẹ̀KỌ

Bí aláìsàn bá lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà á kọ́kọ́ bi í léèrè pé, "Kí ló ń ṣe ọ́? Níbo ló ń dùn ọ́?" kí ó tó fún un lóògùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí á ṣe sí ẹ̀kọ. Ẹ wo bí ó ṣe rí, kí ẹ tó sọ pé ohun báyìí ni ó ṣe é.

Àìsàn kìíní: Ẹ̀kọ kò ki lórí iná, kò sì dì.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè nípa omi. Bí omi bá pọ̀ jù, fọ́nrán á jìnnà sí ara wọn, wọn kò sì ní lè so àwọ̀n. Èyí kò ṣòro. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ògì díẹ̀, ẹ dà á sí ìkòkò náà, ẹ sì rò ó kí ó hó dáadáa.

Bí omi kò bá pọ̀ jù, ẹ wo àgbàdo. Ṣé kò ti hù? Nígbà tí èso bá ń hù, ó máa ń ṣe nǹkan kan tí ó ń gé fọ́nrán ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ kí ọ̀gbìn kékeré náà lè rí oúnjẹ jẹ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àgbàdo tí ó ti hù fi ń ṣe ẹ̀kọ tí ó ṣàn. Irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ dára fún ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kò dára fún ẹ̀kọ jíjẹ.

Bí kò bá hù, ẹ tọ́ ògì wò. Ṣé kíkan rẹ̀ kò ti pọ̀ jù? Àwọn kòkòrò tíntìntín kan tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń mú ògì kan. Kíkan díẹ̀ dára. Òun ni ó ń fún ẹ̀kọ ní adùn, tí kì í sì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò búburú rí àyè. Ṣùgbọ́n bí kíkan bá pọ̀ jù, tí ògì náà sì pẹ́ lórí iná, kíkan yìí á máa gé fọ́nrán. Ẹ da omidùn nù, ẹ bu omi mímọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí ó tòrò, ẹ tún dà á nù, kí ẹ tó ro ẹ̀kọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọsàn wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀kọ mímu, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ kúrò lórí iná ná kí ẹ tó fún un sí i.

Àìsàn kejì: Ẹ̀kọ ki dáadáa, lẹ́yìn náà ó di omi.

Èyí ni ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ẹ̀kọ kan náà tí ó ki lórí iná, kó tó tutù tán, á di omi. Níbí, ẹ bèèrè pé: ta ni ó tọ́ ọ wò?

Itọ́ ẹnu wa ní nǹkan kan nínú tí ó ń gé fọ́nrán ìyẹ̀fun. Ọlọ́run fi sí ibẹ̀ kí oúnjẹ lè dà. Kò mọ̀ bóyá inú ẹnu ni òun wà tàbí inú ìkòkò. Bí a bá lá ṣíbí, tí a sì dá a padà sínú ẹ̀kọ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, itọ́ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ bu ẹ̀kọ tí ó ki, tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, sí abọ́ kékeré méjì. Ẹ fi ṣíbí mímọ́ ro ọ̀kan. Ẹ lá ṣíbí kejì, kí ẹ fi ro èkejì. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wò wọ́n. Èyí tí itọ́ kàn á ti ń ṣàn. Ẹ pe àwọn ọmọ ilé kí wọ́n wá wò ó pẹ̀lú yín.

Bí itọ́ bá ti wọ inú ìkòkò, ẹ má ta ẹ̀kọ náà. Gbígbé e padà sórí iná kò lè so fọ́nrán tí ó ti gé. Láti òní lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ ẹ̀kọ wò, kí ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ tàbí sínú abọ́ mìíràn. Ẹ̀yin ìyá ọmọ wẹ́wẹ́ náà, ẹ má fi ṣíbí ẹnu yín bọ inú ẹ̀kọ ọmọ. Yàtọ̀ sí pé yóò ṣomi, àìsàn inú ẹnu àgbà lè ti ibẹ̀ dé ara ọmọ.

Àìsàn kẹta: Ẹ̀kọ ní kókó, inú kókó sì jẹ́ ìyẹ̀fun tútù.

A kò po ògì dáadáa, tàbí a dà á sínú omi híhó lẹ́ẹ̀kan náà. Ara òde ògì náà á jinná, á sì sé inú mọ́. Omi kò ní lè wọlé mọ́. Ìyẹ̀fun tí ó há sínú kókó kò wú, kò sì lè bá wọn so àwọ̀n. Ẹ po ògì kí ó dán, ẹ dà á díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí orógùn sinmi.

Àìsàn kẹrin: Ẹ̀kọ dì, ṣùgbọ́n omi ń sun jáde lára rẹ̀.

Bí ẹ̀kọ bá ti pẹ́ nílẹ̀, àwọ̀n inú rẹ̀ á máa fún ara rẹ̀ sí i, á sì máa fún omi jáde, bí ènìyàn ṣe ń fún aṣọ. Bí a bá gbé e sínú fìríìsà tí ó dì gbagidi, tí a sì gbé e jáde kí ó yọ́, omi rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ tí ẹ máa tà lónìí, alẹ́ àná ni kí ẹ rò ó. Ògì ni kí ẹ tọ́jú pa mọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun tí a fi pọ́n ọn náà ní tirẹ̀. Ewé eéran àti ewé gbódògì kì í sé ooru mọ́ ẹ̀kọ pátápátá. Ooru a máa rí ọ̀nà jáde ní ibi tí a ti ká ewé náà. Bí a bá bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú ọ̀rá tí a sì dì í pa, ooru kò ní ibi tí yóò gbà lọ. Á di omi, á sì padà sórí ẹ̀kọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kò dára kí oúnjẹ gbígbóná máa wà nínú ọ̀rá, nítorí pé èròjà ara ọ̀rá lè wọ inú oúnjẹ.

Àṣà ewé yìí ti rìn jìnnà. Nígbà tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa àti àwọn ará Dahomey, tí ó di orílẹ̀-èdè Benin ní 1975, lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n mú ìmọ̀ ẹ̀kọ lọ́wọ́. Títí di òní, àwọn ọmọ wọn ń fi àgbàdo funfun ṣe é níbẹ̀. Acaçá ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn.

Ọ̀RỌ̀ SÍTÁÀṢÌ

Àìsàn karùn-ún ni pé ẹ̀kọ á máa fà bí ilá, á sì máa lẹ̀ mọ́ ewé. Sítáàṣì ni ó sábà máa ń fa èyí.

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá, ni a fi ń ṣe sítáàṣì. Nígbà tí àgbàdo bá wọ́n, ó máa ń wu ẹlẹ́kọ láti fi sítáàṣì rọ́pò díẹ̀ nínú ògì. A kò bá wọn jà. Ọjà kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí à ń ṣe.

Ìyẹ̀fun àgbàdo àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra. Nínú ìyẹ̀fun àgbàdo, fọ́nrán títọ́ tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nínú ti ẹ̀gẹ́, kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́fà lọ. Àwọn tí ó ń so àwọ̀n kò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ka ni ó pọ̀, àwọn yìí ni wọ́n sì ń mú kí ó máa fà.

Ẹ wá wo bí ó ṣe ń tan ènìyàn jẹ. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tètè ń wú ju ògì lọ, kò sì nílò iná púpọ̀. Bí ẹ bá dà á sí ìkòkò, kíá ó ti ki. Ẹlẹ́kọ á rò pé ẹ̀kọ ti jinná, á gbé e sọ̀, nígbà tí ògì inú rẹ̀ kò tíì jinná tán. Tàbí kí ó rò pé ó ti ki jù, kí ó bu omi kún un. Bí iná bá sì pẹ́ lára sítáàṣì, tí a ń rò ó ṣáá, á tún máa ṣàn. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ̀kọ kò ní dì. Ẹlẹ́kọ á ní, "Sítáàṣì mi kéré ni," á sì fi kún un lọ́jọ́ kejì. Bí ó ṣe ń fi kún un ni ọ̀rọ̀ á máa burú sí i.

Sítáàṣì kì í ṣe ohun búburú o. Àwọn ará Urhobo àti àwọn Itsekiri ń fi í ṣe oúnjẹ gidi, wọ́n sì ń fi ọbẹ̀ ẹyìn jẹ ẹ́. Fífà rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ẹ̀kọ kò ra ohun tí ó ń fà.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó fi owó ọjà yín ṣe é. Ẹ mú abọ́ mẹ́ta, kí ẹ kọ A, B àti D sí wọn lára.

Abọ́ A: ṣíbí ògì 8.
Abọ́ B: ṣíbí ògì 6, ṣíbí sítáàṣì tútù 2.
Abọ́ D: ṣíbí ògì 4, ṣíbí sítáàṣì tútù 4.

Ẹ fi ṣíbí omi 24 ro ọ̀kọ̀ọ̀kan, bákan náà, kí iná wọn má yàtọ̀. Ẹ dà wọ́n padà sínú abọ́ wọn, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di òwúrọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ dojú wọn dé sórí àwo. Èyí tí ó bá dá dúró, tí ọ̀bẹ gé láìlẹ̀ mọ́ ọn, òun ni ẹ̀kọ. Ẹ fi ìka tẹ B àti D, ẹ ó rí ìyàtọ̀ wọn.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkíní, sítáàṣì tí wọ́n ń tà fún aṣọ, ẹ má fi sí oúnjẹ. Wọ́n lè ti po búlúù tàbí nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Èkejì, bí ẹ bá ta àmúlù, ẹ sọ fún oníbàárà pé àmúlù ni. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí òun rà yóò tún padà wá. Ẹni tí ó bá rí i nílé pé wọ́n ti tan òun jẹ yóò gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, kò sì ní bá yín jà.

ÌWÉ KÉKERÉ TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ NÍ

Ní kíláàsì wa, àwọn kan máa ń bèèrè pé, "Tí mo bá mọ ìwé tán, kí ni màá fi ṣe? Mi ò lè ṣe akọ̀wé mọ́." Ẹ wo ohun tí ẹ lè fi ṣe. Ẹ ra ìwé kékeré kan àti bírò. Nígbàkígbà tí ẹ bá ro ẹ̀kọ, ẹ kọ ọ́ báyìí:

Rírẹ: ọjọ́ 3.
Ògì: ife 10.
Omi: ife 30.
Sítáàṣì: kò sí.
Láàárọ̀: ó dì, kò lẹ̀ mọ́ ewé.

Ìlà márùn-ún péré ni. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ kò bá dì, ẹ ṣí ìwé yín. Ẹ fi ọjọ́ burúkú wé ọjọ́ rere. Ohun tí ó bá yàtọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí omi, àgbàdo àti iná padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tí ó ṣe yín ní àǹfààní.

Orí lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ìwé kì í gbàgbé. Ohun tí a bá sì fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ DÁHÙN ÀWỌN ÌBÉÈRÈ WỌ̀NYÍ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kíki àti dídì?
2. Kí ni ṣíbí tí a ti lá ń ṣe sí ẹ̀kọ?
3. Kí nìdí tí sítáàṣì fi ń tan ẹlẹ́kọ jẹ lórí iná?
4. Ẹ kọ ìlà márùn-ún nípa ẹ̀kọ tí ẹ rò gbẹ̀yìn sínú ìwé yín.